Ewì Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ Kọ

                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin,
                                        Yeongju.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Pil-lan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e? Ṣé òtútù Incheon kò tíì máa dà yín láàmú? Ara tèmi le, eyín nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ. Láti ìgbà tí igi ápù tí bàbá yín gbìn fún ọ ti wó, tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní atẹ́gùn ló wó o, tí o sì pè é ní òpùrọ́, ẹ kò bára yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ kà á.

Ní kíláàsì ewì sijo àwa àgbà, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ ń lọ, Olùkọ́ Gu gbé ewì kan wá kí a túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wa ló kọ ọ́. Àkọlé rẹ̀ ni “Ẹ̀ṣẹ̀”:

Bàbá gbin igi ápù kan, kì í ṣe fún mi. Mo ní atẹ́gùn ló wó o.
Atẹ́gùn kò fẹ́ lọ́dún náà. Ayùn ṣì wà ní kíkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.
○○○, kùkùté ti rúwé. Wá wò ó, ojú ń tì mí.

Olùkọ́ ní ìlà mẹ́ta ni sijo máa ń ní, ìlà kẹta ló sì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Sílébù mẹ́ta gééré ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Òun ló fi òbíríkítí bò wọ́n. Ó ní, “Ta ni akéwì yìí ń bá sọ̀rọ̀?”

Díákónì Pyo dìde. “Ọ̀rọ̀ ọgbà Édẹ́nì rèé. Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀.” Ó fi ìka ka orúkọ Ọlọ́run, ó pé sílébù mẹ́ta lóòótọ́. Ó wàásù títí, díẹ̀ ló kù kó gba ọrẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fọ ife tíì tí mo ti fọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi sọ pé:

“Díákónì, ẹ jókòó. Ṣé Ọlọ́run ló ni igi tí mo gé ni? Nam Pil-lan ló ni ín.”

Olùkọ́ kọ orúkọ rẹ sójú pátákó, ó ní sílébù rẹ̀ pé.

Mo ní kó kọ lẹ́tà sí ọ. Ó ní òun ti kọ ewì, kí ni mo tún fẹ́. Kò mọ̀ pé o kì í ka ewì, ìdí nìyí tí mo fi túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Mo sunkún nígbà tí mo délé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ̀ka tó hù lára kùkùté náà ti so ápù lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi bébà dì wọ́n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká wọn. Wọ́n ti pọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ alátojúbọ̀,
U Ok-bun.