Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́yìn Bàbá

Ṣábẹ̀ẹ́, oṣù kejì ọdún 1985

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, olówó orí mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí ẹní tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́ bí ọyẹ́ bá ń dé Kútọnu, ẹ kú àìrójú ara wa. Kí ilẹ̀ Kútọnu má gbóná mọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí ọ̀gá yín máa fi ojú rere wò yín, kí oúnjẹ tí ẹ ń rà lẹ́bàá títì má ṣe yín níbi, àmín. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé èdè wa lábẹ́ igi sọ pé ní ayé Rẹfolúsọ̀n yìí, Kámárádì ló yẹ kí a máa fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Mo sọ fún Bàbá. Bàbá ní àwọn ò bí kámárádì kankan, ọmọ làwọn bí, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ni lẹ́tà yìí, ọwọ́ tó kọ ọ́ nìkan ni tèmi, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí i pé ojú ń ti ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé èmi ni. Agnès tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò bá mi kọ orúkọ yín sẹ́yìn ìwé, nítorí mi ò mọ̀ bóyá kí ìyàwó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àti kó pè é jẹ́ ọ̀kan náà, mi ò sì lè bi ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ilé dára. Kajú ti ń so, iṣu oko Sakin ti wọ àká, ewúrẹ́ dúdú bí, ó sì ń kọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Abẹ́ Kajú ní kí n kí yín. Àbúrò Bàbá ni, èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọlé, torí abẹ́ igi kajú ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá wọn. Wọ́n ní ẹ ti gbàgbé àwọn, wọ́n tún ní kí n má kọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí dìde ni ti alùpùpù tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ibà ti mú ẹ̀gbọ́n yín lọ, kí n tó wọlé yín, Bàbá ló ń gùn ún lọ sí Sakin. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń ké, ẹ́ńjìnnì ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí ìjókòó ẹ̀yìn ni, níbi táyà, bí ọ̀nà bá ti gbé e sókè tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, a wí pé hùn-ùn. Hùn-ùn bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ tó ń dáhùn láìlanu. Mo máa ń gbọ́ ọ látẹ̀yìn àpáta kí Bàbá tó yọ, ohùn Bàbá á máa lọ nílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ròyìn oko, nígbà tí wọ́n bá sì dákẹ́, ìyẹn á wí pé hùn-ùn. Màá sáré wọlé lọ ro ọbẹ̀.

Èmi ni mo ránṣẹ́ sí Barthélemy, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ojú irin, torí mo rò pé ẹrẹ̀ gbígbẹ ló há síbì kan. Ó fi igi gbé ẹ̀yìn alùpùpù sókè, ó mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, ó ní kò ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Ó yí i, kò ké. Ó wo ṣéènì, ó fi òróró sí i. Òun nìkan gùn ún yí ilé po, alùpùpù ò ké. Ló bá ní kí n wá jókòó lẹ́yìn òun. Mo ní ó tì. Ìyá Abẹ́ Kajú ní kí n gòkè, pé irin kì í fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Mo gòkè. Bí a ṣe kan kòtò kékeré ẹnu ọ̀nà báyìí, hùn-ùn, lábẹ́ ìdí mi gan-an.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi hàn wá. Irin méjì kan wà tí a lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn ló gbé ẹ̀yìn ró, amọ́tísọ̀ ló ń pè wọ́n. Ó ní ó ti rẹ̀ wọ́n, òróró inú wọn ti jò tán. Bí ènìyàn méjì bá jókòó, ẹ̀yìn á wọlẹ̀, irin tó bo táyà á sọ̀ kalẹ̀ bá táyà, á sì máa họ ọ́. Ó ní kí Bàbá fọwọ́ kàn án, táyà náà ti họ débi pé òwú inú rẹ̀ ti ń yọ funfun. Ó ní bó bá bẹ́ lórí eré, á gbé ẹni tó gùn ún sọ sórí òkúta. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lẹ́yìn Bàbá mọ́, torí ènìyàn kan ṣoṣo ò lè mú un ké.

Bàbá ní àwọn nìkan ló ń gùn ún. Barthélemy ní bóyá ẹrù iṣu ni. Bàbá ní iṣu ti wọ àká láti ìgbà wo, òfìfo làwọn ń bọ̀. Barthélemy nu ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ fi mọ́, kò gba nǹkan kan, ó ní ilé ń retí òun.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan alùpùpù. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni, Ìlọ̀rí. Ẹ dárí jì mí o, ẹnu Bàbá ló pè é, ọwọ́ mi kàn tẹ̀ lé e ni. Wọ́n ní Ìlọ̀rí ò tíì gbàgbé ọ̀nà oko, ṣé kí àwọn wá fi irin tuntun pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní táyà ń họ. Wọ́n ní kó máa họ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. A ti alùpùpù lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí a gbé e síwájú telifóònù. Bàbá ní bí okùn náà bá lè gbé ohùn alààyè tó jẹun yó gba inú igbó dé Kútọnu, ti ẹni tí kò wúwo mọ́ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èmi náà rí i pé òótọ́ ni, mo tilẹ̀ wọ aṣọ tó mọ́, torí ẹ máa wà ní òdìkejì. Agnès dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní alùpùpù kì í wọlé ìjọba, pé telifóònù kì í sì í gba ohùn òkú. Bàbá bi í pé ta ló sọ fún un pé òkú ni. Agnès wo ojú mi, mo sì yí orí alùpùpù padà sọ́nà ilé.

Nígbà tí a délé ni Ìyá Abẹ́ Kajú pè mí jókòó. Wọ́n ní nígbà tí mo wọ ilé yìí, gbogbo ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni mo fún lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti ń ṣe, títí dórí ọmọ ọwọ́ tí kò mọ̀ ju omú lọ, ṣùgbọ́n mo fo ẹnì kan dá. Mo ní mo rò pé ẹni tó ti lọ ò nílò orúkọ mọ́. Wọ́n ní ṣé wọn ò ní etí níbi tó lọ ni. Wọ́n ní ọkọ mi lòun náà, ìyàwó dé, kò kí i, ìyẹn ni kò ṣe lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin nìkan ni mo ń sọ fún. Mo dúró di ọ̀sán gangan tí gbogbo ilé sùn, tí àwọn àpáta ń dán bí omi, tí ewúrẹ́ pàápàá ò dún. Mo fọ ẹsẹ̀ mi. Mo lọ wo àwòrán ẹ̀gbọ́n yín lára ògiri, eyín wọn ni mo rí jù. Mo wá kúnlẹ̀ síwájú alùpùpù lábẹ́ àtíbàbà, mo ní Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ kú ilé, ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìjókòó ẹ̀yìn rọra wọlẹ̀, ó ṣe sììì, bí àgbàlagbà tó ń fara balẹ̀ jókòó lórí ẹní. Irin kan táyà, hùn-ùn. Mo fi orúnkún fà sẹ́yìn kí n lè fún wọn lọ́nà, bí mo ṣe ń fà sẹ́yìn ni ìjókòó náà ń gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró bó ṣe wà. Nígbà tí mo yíjú, Bàbá ló dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, omi inú igbá ọwọ́ wọn ti dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo bi Barthélemy lẹ́yìn náà láìsọ ìdí, ó ní irin tí òróró rẹ̀ ti jò lè wọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ooru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ fún mi bó ṣe ń dìde.

Bàbá fúnra wọn ló ní kí a pe Barthélemy wá tún un ṣe. Wọ́n ní ẹni tí ìyàwó ilé rẹ̀ bá ti kí ò ní fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ ṣubú. Barthélemy da kẹrosíìnì sí òrùka tó wà nídìí àwọn irin náà torí wọ́n ti dógùn-ún, ó fi òòlù lù wọ́n yí, wọ́n sì gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀. Ó fọ́n afẹ́fẹ́ sí táyà, ó gé orí ìṣó kan tó yọ sí i láti ara irin tó bò ó. Èmi àti òun jókòó, a kan kòtò ẹnu ọ̀nà, kò ké. Ó ní ẹ̀tàn lásán ni o, kí a wá irin tuntun àti táyà kíákíá.

Ọjọ́ tí Bàbá tún lọ sí Sakin, mo tẹ́tí títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni mo rí wọn, wọ́n ń ti alùpùpù bọ̀ ní ẹsẹ̀, eruku ti bo ojú wọn. Mo ní ṣé ó bàjẹ́ ni. Wọ́n ní rárá, ó ń lọ bí omi. Wọ́n ní àwọn ti ròyìn iṣu, àwọn ti ròyìn ewúrẹ́ dúdú, kò dáhùn, àwọn ò sì mọ ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ni àwọn náà bá sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn lè máa wo inú koríko sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ní ènìyàn kì í fi ọmọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó gun nǹkan lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti oko. Ẹsẹ̀ wọn ti wú. Mo máa ń bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná fún wọn.

Nítorí náà Bàbá ní kí ẹ ra amọ́tísọ̀ méjèèjì, torí Barthélemy ní a kì í ra ọ̀kan, àti táyà ẹ̀yìn. Ìlú òdìkejì ààlà ti ti ibodè, a ò rí ọjà tiwọn rà mọ́, Kútọnu nìkan ló kù. Ẹ tún fi owó díẹ̀ sí i fún òróró ìpara ẹsẹ̀ Bàbá, mi ò béèrè aṣọ. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ń bẹ̀ yín, ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ gbé wọn wá. Ẹ wá jókòó lẹ́yìn Bàbá lọ́jọ́ oko kan ṣoṣo, kí wọ́n ròyìn, kí ẹnu alààyè sì dá wọn lóhùn, bóyá wọ́n á gun alùpùpù délé. Mo fẹ́ rí yín pẹ̀lú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bàbá.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá létí àyàfi ibi tí ojú ti tì mí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tó ni òkè Ṣábẹ̀ẹ́ gbé yín ró, kí ẹ má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí ọmọ yín sin yín, kí ẹ̀yin sin àwọn. Wọ́n ní bí ẹ bá ti dé, kí ẹ jókòó sún mọ́ àwọn dáadáa lórí alùpùpù náà, kí àyè lè kù díẹ̀ lẹ́yìn yín.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ramatou