Owó Ìtanràn Lórí Ọ̀rá Ìyá Rẹ

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o ráyè. Kí ilẹ̀ ìlú ńlá má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ojú ọ̀gá rẹ má kúrò lára iṣẹ́ rere rẹ, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n tún sin ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí èyí tí mo sin ti tó mi. Èmi wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n jókòó sójú kan, ọ̀rọ̀ mi ń sá sókè sá sódò. N kò lè jókòó. Ọjọ́ Ẹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni. O mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù ńlá ìkóríta máa ń fún wa. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rá yóò san owó. Mo san án, n kò jiyàn, mo ti mọ̀ pé bí owó ìgò ni: o san án, o mu ohun tó wà nínú rẹ̀, o dá ìgò padà, wọ́n dá owó rẹ padà fún ọ. Ni mo bá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná níbi tí ìyá rẹ kó àwọn ọ̀rá rẹ̀ sí. O mọ bó ṣe máa ń fọ̀ wọ́n, tó ń sá wọn sórí okùn bí aṣọ ọmọ tuntun, tó sì ń ká wọn ní igun mẹ́ta. Mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n. Mo ru wọ́n lọ, mo ní kí wọ́n gba ìgò wọn. Ọmọbìnrin tó ń gbowó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bàbá, a kì í gbà á padà, ó sì tú ọ̀kan wò.

Ó tú u. Mo gbìyànjú láti ká a padà níbẹ̀, ní ojú gbogbo ènìyàn, kò ká. Mo gbé ìyókù, mo sì wá sílé.

Rédíò wá ń sọ pé sísan owó kò tó mọ́, láti ọjọ́ Ẹtì kánsù sọ ọ̀rá di èèwọ̀, ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ yóò san owó ìtanràn. Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń bá wí, wọn kò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ. Òun kọ́ ló ni ọ̀rá.

Èmi kò bínú sí òfin náà o. Nígbà tó jẹ́ owó, olówó ń gbé ọ̀rá, àwa ń fi fìlà kó iṣu. Tó bá di èèwọ̀, gbogbo wa ni yóò jọ fi fìlà kó o, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alààyè. Òkú kì í gbọ́ rédíò.

Mo lọ sí kánsù lánàá láti san owó ìtanràn sílẹ̀. Akọ̀wé ní bàbá, ẹ kò tíì ṣẹ̀. Mo ní mo ti ṣẹ̀, mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó ní kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀la sí. Mo ní mo san owó ilẹ̀ ibojì mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì yìí kan náà, wọ́n fún mi ní rìsíìtì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé n kò tíì kú. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo bi ìyá rẹ nígbà kan pé kí ló ń fi ọ̀rá rẹpẹtẹ yìí ṣe. Ó ní bí o bá wá kí wa, o gbọ́dọ̀ rí nǹkan kó ẹrù padà sí. Láti ìgbà ìsìnkú, o kò tíì wá. Mi ò bú ọ. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Nítorí náà, fi owó ìtanràn ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Má fi í sínú fóònù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni fóònù mi wà, ó lè ná an. Fi owó òróró ìpara orúnkún kún un. Bí owó kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ wá. Ọ̀rá tí ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn tú wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Aránṣọ gbìyànjú, igun mẹ́rin ló ká a sí. Ìwọ nìkan ni ìyá rẹ kọ́ bí a ṣe ń ká a ní igun mẹ́ta.

Ohun tí ìyá rẹ kó pamọ́ dè ọ́ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wàá dé láyọ̀, wàá bá mi láàyè.

Èmi bàbá rẹ ni mo tẹ àtàǹpàkò síbí.