Wáyà Kẹta

Ọkọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìgbádùn. Ara mi le koko. 

Mo fúnra mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ mi. Bí mo ṣe sítáàtì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyàwó mẹkáníìkì kì í wà lẹ́bàá odò kó fi itọ́ ṣanwọ́, ni mo bá pè yín. Obìnrin kan ló gbé fóònù yín. Ó ní ẹ wà nílé ìwẹ̀, ṣé kí òun bá mi jíṣẹ́. Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Mi ò bi yín pé ta ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mò ń sọ.

Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ìkíní, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Mo yọ ìkẹta, ìró rẹ̀ ò yí padà rárá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé èyí tí a bá yọ tí ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ ọ́n lára, kò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Mi ò tì í wọlé dáadáa ni. Mo tì í, ọkọ̀ balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà mi ò pè yín mọ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń tẹ́tí sí ara mi. Ìró mi ò yí padà.

Ẹ bá mi kí ìyá yín. Ẹ kí ẹni tó gbé fóònù. Ẹ sọ fún un pé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ fi ń wẹ̀.