Fídíò Ijó Mi àti Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù mi. Ṣadé ọmọ mi ń tún Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbé sí i láìfọwọ́ kan iṣẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń dá dúró, ó ń kọ ọ́ síta pé àyè ò tó. Ṣadé ní àfi ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́.

Àwòrán tí mo ń tẹ̀ sára àpò búrẹ́dì àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Èmi tí mo fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ l'Ágége! Mo ní láéláé.

"Bàbá, fídíò ọjọ́ ìbí yín ló kúnbẹ̀. Ijó yín nìkan pọ̀ ju iṣẹ́ lọ!"

Ijó yẹn dùn o. Kò sẹ́ni tó lè jó o báyẹn ní gbogbo Ifákò.

Mo ní kó pa fídíò náà rẹ́. Windows wọlé, àwòrán búrẹ́dì pé. Fáírọ́ọ̀sì kéré sí mi. Ijó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.