Ìlú Tí Wọn Kì Í Tìlẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọ̀gá mi ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. (Ìyàwó mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀.) Kì í ṣe ìlú ńlá bíi tiwa o. Ìlú kékeré kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín níbẹ̀, gbogbo àdúgbò á kí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Mo bi í pé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, ta ni yóò gbé irin yẹn kọjá òkun?

Ọjọ́rú, 5

Màámi pè. Wọ́n ní ọkùnrin kì í tẹ̀lé ìyàwó lọ síbi iṣẹ́. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni wọ́n tún ní bí mo bá jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dá lọ, kí n má pe àwọn ní ìyá mọ́. Èwo ni kí n dì mú?

Òótọ́ ibẹ̀ — ẹ̀rù ń bà mí. Níbí, èmi ni Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ìta, èmi ló ń sáré wá bá. Lọ́hùn-ún, ta ni n ó jẹ́? Ọkọ nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

A ti dé ọ̀hún. Àbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kan, ká fojú ara wa rí i. Atẹ́gùn dáa. Ìlú náà dákẹ́ jù.

Ìyá Onílé, opó tó gbà wá sílé, kò fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Mo béèrè. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́rọ́ kí ni?" Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í tìlẹ̀kùn nílùú yìí. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́! Ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Olóòyà ti wọ ìlú apárí.

Àbámẹ́ta, 15

Ojú tì mí. Ìyá Onílé ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Àwa fẹ́ rìn jáde. Mo rí irin kékeré kan lára ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á dé — ọwọ́ tó ti mọ́ mi lára. Ó dún kò! Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà láti ìgbà tí baálé ilé ti kú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Mo ti kọ́kọ́ ti ìyẹn.

Ìkòkò sì wà lórí iná.

Gbogbo ìlú péjọ, títí kan ajá. Mo wá wáyà, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn. Kí ọbẹ̀ tó jóná tán, ó ti ṣí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Onílé dì mọ́ mi, wọ́n ní, "O ṣé o. Bí o bá tún ti ilẹ̀kùn mi, ìta lo máa sùn."

Ọjọ́ Àìkú, 16

Àwọn ará ìlú ò kànlẹ̀kùn, ṣe ni wọ́n ń wọlé. Aṣọ ìnura ni mo ró. Nítorí pé wọn kì í ti nǹkan kan, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ohunkóhun wà! Akólẹ́tà gbé àpótí bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Mo ṣí i. Bàtà ló wà níbẹ̀, ó ti gan. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń sunkún. Mo jókòó tì í. Ó pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi báyìí kẹ́yìn.

Ọ̀gá mi ní ṣé mo ti rí i báyìí. Mo ní ẹ̀rọ mi ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé, 24

A ti padà sílé. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Olè ti gbé ẹ̀rọ mi lọ! Wọ́n gbé àga pẹ̀lú.

Ọlọ́pàá yí àgádágodo mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín dáa o. Wọn ò tiẹ̀ já a. Báwo ni wọ́n ṣe wọlé?" Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń retí èsì. Mo wúkọ́.

Àná, mo kàn pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, mo súfèé lọlé. Mi ò tì í. Èmi!

Ọ̀gá mi nìkan ni mo sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀hún lo ti wà. Ara rẹ nìkan ló kù níbí." Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó kọ̀wé sí wọn pé à ń bọ̀.

Mo dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn ilé. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn.