Ọkàn Rẹ Tí Mo So Mọ́ Ọrùn Ẹsẹ̀ Mi

Ọmọ mi Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara le, ṣé ẹsẹ̀ ń gbọ́ tìrẹ? Bàbá rẹ tó jókòó tì mí níbí ní wọn kì í ti orí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkíni, pé odindi èèyàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló wà lọ́kàn mi, òun náà ni mo sì béèrè. Ẹlẹ́dàá tó to egungun rẹ jọ kò ní jẹ́ kó tú. Ìjókòó tí o jókòó yìí, ìjókòó ire ni, o ò ní pẹ́ jù níbẹ̀, o ò sì ní tètè dìde jù. Àwa nílé wà dáadáa, à ń jẹ, à ń mu, à ń bára wa jà níwọ̀nba, kò sì sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àfi ẹni tó ń sùn. Èmi gan-an ni mo ń sùn jù nínú ilé yìí láti ìjẹta, ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi.

Nígbà tí o pè níjẹta, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ń bá wa fi iná sí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti fá orí wọn dé ìdajì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, mi ò lè ro ẹjọ́ ara mi bó ṣe yẹ. O ń rẹ́rìn-ín, o ń sunkún, o tún ń rẹ́rìn-ín, o ń bi mí pé kí ni mo fi aago rẹ ṣe gan-an. Mo ní n óò kọ ọ́ sínú ìwé. Òun nìyí, fara balẹ̀ kà á, o ṣáà ti wà ní ìjókòó.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí o wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa, inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò fọ́jú. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí o ti jáde lọ sáré lọ́jọ́ kìíní, o tún sá a lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ìsinmi lo ní o wá ṣe. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, mo yíjú sí ọ kí n bá ọ sọ̀rọ̀, àṣé o ti sùn lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ẹnu rẹ sì ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí o dìde, o ń tiro. Mo ní kí ló ṣe ẹsẹ̀, o ní bàtà ni. Mo ní ṣé bàtà tí o bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ló ń bá ọ tiro dé inú yàrá, o ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ọ́ sílẹ̀. Mo fi ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdúró lo fi ń ta oògùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín, o ń sáré kó o tó lọ, o tún ń sáré tó o bá dé. Ọjọ́ tí o ń padà, o ní o gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ bá eré ìrọ̀lẹ́, ìkánjú yẹn lo fi gbàgbé aago ọwọ́ rẹ sójú fèrèsé.

Mo mú aago náà, mo fi sí ọwọ́ ara mi kó má baà sọnù. Bí mo ṣe fi sí i báyìí ni ojú rẹ̀ là, mo rí àwòrán ọkàn pupa kékeré kan tó ń mí sókè sódò, nọ́ńbà ọgọ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bá onígbàjámọ̀, ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí àfi bí a ṣe ń gẹ irun kó dọ́gba. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn ni, iye ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú kan sì ni nọ́ńbà yẹn. Mo ní ọkàn ta ni. Ó wò ó títí, ó ní orúkọ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, aago ayé òde òní kì í sì í ní olúwa méjì. Ọ̀rọ̀ yé mi. Mo wo ọkàn rẹ tó ń lù lọ́wọ́ mi, mo kí i, mo ní pẹ̀lẹ́, kú iṣẹ́.

Nígbà tó yá mo fẹ́ wẹ̀, mo bọ́ ọ, mo gbé e sórí àpótí. Mo bojú wò ó pé kí n tún kí i, ọkàn ti lọ. Ìlà kéékèèké méjì ló nà gbalaja síbi tí nọ́ńbà wà. Ọmọ mi, mi ò lè sọ bí mo ṣe jáde ní balùwẹ̀ yẹn, bàbá rẹ ló lè sọ ọ́. Ọṣẹ wà lójú mi, mo ki aago náà bọ ọwọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run, aago ń wá ọkàn náà kiri, ó wá a títí, ó rí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo ní kí bàbá rẹ pè ọ́ kíá. O gbé e, o ń mí hẹlẹhẹlẹ, o ní kò sí nǹkan kan, o ń kánjú, kí n ṣáà bá ọ tọ́jú aago náà dáadáa. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ló ń mí báyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé aago yẹn kò ní kúrò lára mi mọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi wá gbà á.

O mọ̀ pé àsìkò ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé la wà, ọgọ́ta aṣọ ló wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rán. Aago ń kọ́ aṣọ lọ́wọ́ mi, ni mo bá so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ń tẹ máṣíìnì, nọ́ńbà ọkàn rẹ á máa gòkè, ọgọ́rùn-ún, àádọ́fà. Bí mo bá dúró pé kí n jẹun, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo ní ó tán, ọmọ mi ń rẹ̀wẹ̀sì, mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo padà sídìí máṣíìnì. Bàbá rẹ ní kí n fara balẹ̀, pé bó bá gòkè, ó lè jẹ́ ọkùnrin kan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, bó bá sì wálẹ̀, a jẹ́ pé ọkùnrin náà ti lọ. Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ lọ sídìí ìkòkò. Òun ló dáná fún gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, iná ló sì ń kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ kó tó kàn wá.

Lójoojúmọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, aago á gbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi, àwọ̀ oríṣiríṣi á tú jáde lójú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní ó ń kí olówó rẹ̀ kú oríire ni, pé ó ti ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ. Mo dúpẹ́, mo tún tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ kẹta ni aṣọ iléèwé tán. Mo rán etí kọ́tìnì tí kò ya, mo fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá rẹ pọ̀ títí kò fi lè wọ̀ ọ́ mọ́, mo lọ gba aṣọ ibùsùn aládùúgbò, mo ṣẹ́ ẹ létí láìjẹ́ pé ó bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kẹrin mo rán apá aṣọ kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, bẹ́líìtì máṣíìnì já. Mi ò dìde. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lófìfo, abẹ́rẹ́ ò mì, omi ń jáde lójú mi. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n bọ́ aago fún òun kí n lọ sùn díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò jókòó sídìí máṣíìnì rí. Ó jókòó, ó so aago mọ́ ẹsẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnu èyí la wà tí onígbàjámọ̀ fi sáré dé, ó ní fóònù mi tó wà lọ́dọ̀ òun ń dún, ìwọ lo wà níbẹ̀.

Àṣé ohun tí ẹsẹ̀ mi ń ṣe níhìn-ín, fóònù àtijọ́ tí o fún mi, tí aago náà ṣì ń bá sọ̀rọ̀, ń gbé e lọ bá kóòṣì rẹ, ẹni tó ń kọ́ ọ ní eré sísá, lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó ní kó o rọra, ó rí i pé o ń sáré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. O ní ó wọlé bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà, ó bi ọ́ bóyá ikú lo fẹ́ sá bá. O búra pé ìwọ kọ́. Kò gbà, báwo ló sì ṣe máa gbà, nígbà tó ti ká ọ mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ tí o ń yọ́ sáré lọ́jọ́ ìsinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló fà ọ́ lọ bá dókítà, o ò wá rí ibi fi títiro yẹn pamọ́ sí mọ́. Wọ́n ya fọ́tò egungun ojúgun rẹ, wọ́n bá ibi tó ti sán, tín-ín-rín bí òwú. Dókítà ní bó o bá fi sá ìje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á kán sí méjì lójú ọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kó o má sáré mọ́ láyé rẹ. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ. Ó ní kó o jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé á jiná. Á jiná yẹn, ìwọ náà rántí pé mo ní kó o tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ọkùnrin tó fá orí dé ìdajì sì ń bá mi ṣe àmín.

Ìgbà náà lo wá sọ fún mi pé ọkàn ẹni tó bá wọ aago ni aago ń fi hàn. Mo délé, mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ, mo gbé e sórí tábìlì. Ìlà méjì yẹn tún nà gbalaja. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọkàn arúgbó ara mi ni mo ti ń kí kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó dun bàbá rẹ díẹ̀, ó ní àṣé ọkùnrin kankan ò bá ọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo sùn, mo sùn láti ọ̀sán dé ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò sì jí mi. Ara tù mí, ọmọ mi. Ara tù mí gan-an ni.

Fọ́tò egungun tí o fi ránṣẹ́ ti dé sórí fóònù. Mi ò rí ibi tó sán o, ohun tí mo rí ni pé o ti rù kọjá bí mo ṣe rò, kò sí ẹran kankan lára ẹsẹ̀ náà. Jọ̀ọ́, máa jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lójú àwọn ọkùnrin yẹn. Ìwé ètò eré tí kóòṣì fún ọ, èyí tí o lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ, mo rí i nígbà tí mo wá kí ọ lọ́jọ́sí. Ọjọ́ méjì ló wà lófìfo níbẹ̀ lọ́sẹ̀, o sì ti fi bírò kọ eré sí méjèèjì. Mo rò pé ọkùnrin náà gbàgbé ni, àṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Èmi aránṣọ ló yẹ kí n tètè mọ̀. Bí a bá ń rán aṣọ, a máa ń fi etí sílẹ̀ sínú, kì í ṣe pé aṣọ ṣẹ́kù fún wa, ọjọ́ tí ara olówó rẹ̀ bá yí padà ni a ó tú u níbẹ̀. Èyí tí a bá rán láìfi etí sílẹ̀, ọjọ́ kan ni á fà ya níbi tí ojú pọ̀ sí.

O ní bó o bá sinmi lọ́jọ́ kan, àwọn yòókù á kọjá rẹ. Tẹ́lẹ̀ ǹ bá ti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti mọ ìbẹ̀rù yẹn báyìí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gbà gbọ́ pé bí mo bá gbé ẹsẹ̀ dúró, ohun tí mo fẹ́ràn jù á kú. Nígbà tó yá, mo dúró, kò sì kú. Nítorí náà sinmi. Fọ aṣọ rẹ, lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, bẹ ọ̀gá rẹ fún àga kan nídìí oògùn yẹn, jẹun kó o tó sùn lọ lórí rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá sì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, dá a lóhùn, kí inú bàbá rẹ lè dùn.

Aago rẹ wà nínú agolo bọ́tìnnì mi. Mi ò ní fi ránṣẹ́ àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i, kóòṣì gan-an ò lè bẹ̀ mí. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún bẹ́líìtì máṣíìnì, torí pé torí ọkàn rẹ ló ṣe já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn tèmi ni. Fi ti ṣòkòtò bàbá rẹ kún un, nítorí kò lè jáde. Ẹnì kan ni kó o fi rán o, má jẹ́ kí n tún lọ sídìí ihò ara ògiri báńkì yẹn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri náà kì í kí èèyàn, nọ́ńbà mẹ́rin ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Bí owó kò bá sì sí, má torí ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣekún, a ó dúró.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ ọ́. Egungun tó sán yóò so pọ̀, yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. O ò ní sáré kọjá ire rẹ. Oorun kò ní jìnnà sí ojú rẹ, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ, ẹni tí yóò bá ọ gbé ẹrù kò ní wọ́n ọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, tí dókítà bá tún ya ẹsẹ̀ náà, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè, kó o tó pe kóòṣì. Bí dókítà bá ní kó o máa sáré lọ, pè mí. Bó bá ní o ò ní sáré mọ́ láéláé, tètè pè mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó o tó mọ ìrìn rìn lo ti jẹ́ ọmọ mi, ká má tíì wá sọ̀rọ̀ eré.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.