Pẹ́npẹ́, Fíìmù Rẹ Bọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Àbúrò mi, Pẹ́npẹ́, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Àwọn ènìyàn ní tó bá yá, á fúyẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò fúyẹ́ rárá. Lọ́dún kìíní, ẹkún nìkan ni mo ń sun. Lọ́dún yìí, ẹjọ́ ni mo wá rò fún ọ, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ọmọ rẹ obìnrin ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti ga jù mí lọ, kí n má tiẹ̀ dárúkọ tìẹ, torí ta ni kò ga jù ọ́ lọ nílé yìí? Ohùn rẹ ló jogún. Tó bá ń fọ abọ́, tó ń kọrin, mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, màá fọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa pe orúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n kò wo fíìmù mọ́. Bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n báyìí, á dìde. Yàrá tí o ti máa ń to àwòrán pọ̀ ti di yàrá ìránṣọ mi, máṣíìnì mi méjèèjì ló wà níbẹ̀. Àwọn wáyà rẹ ṣì wà lára ògiri. Mi ò lè yọ wọ́n.

Kí ni o ò lè ṣe, Pẹ́npẹ́? Láti kékeré lo ti ń sín ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ, títí tí òun alára fi rẹ́rìn-ín. O jó, o kọrin, o fọn fèrè, o tàkìtì lórí ìtàgé, o kun ojú fáwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ. Èmi ni mò ń rán gbogbo aṣọ tí o fi ń ṣeré, èyí tó bá ṣẹ́kù lára tàwọn ẹlòmíì ló máa ń tó ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dédìí fíìmù, kí ni wọ́n fi ọ́ ṣe? Ẹni ẹ̀rín! Torí pé o kúrú. Ọmọ ọ̀dọ̀, olè kékeré, ẹni tí wọ́n ń gbé jù. Ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n sọ ọ́ sínú àgbá omi, torí pé olùdarí ní kò tíì pa òun lẹ́rìn-ín tó. O wọlé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ ti bó, o ní ó tán, pé ìwọ náà máa gbé kámẹ́rà. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí! Mo ní kámẹ́rà wo, ṣé èyí tó ga jù ọ́ lọ? O wò mí tìyanu-tìyanu. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá gun àpótí."

O sì gun àpótí lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi kọ́ṣẹ́, tí o ń ru iná kiri fún ẹlòmíì. Nígbà tí o wá fẹ́ ya tìẹ, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í pè lo lọ pè. Onídìrí tó jẹ́ adití, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, òun lo fi ṣe olórí òṣèré, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O mú obìnrin àfín tó ń ta ìwé ìròyìn. O mú káfíńtà tó lápá kan. Wọn ò ṣe ẹni ẹ̀rín, wọn ò sì ṣe ẹni àánú. Wọ́n kàn ń gbélé, wọ́n ń jà, wọ́n ń fẹ́ra wọn, bíi ti gbogbo ayé. O ní ojoojúmọ́ lo ń rí wọn ládùúgbò, kí ló dé tí o kì í rí wọn nínú fíìmù?

O tún lófin kan. Kí o tó parí ibì kankan, o máa ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri pálọ̀, o máa pe gbogbo àwọn tí ojú wọn wà níbẹ̀, wọ́n á jókòó wò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ bó ṣe rí á sọ, wàá tún un ṣe. Kò sí ẹni tí wọ́n máa yọ kúrò láìjẹ́ pé ó jókòó sí pálọ̀ yẹn, kó gbà bẹ́ẹ̀. Kódà nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá ọ dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ ni wọ́n wá wò ó sí. O parí ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà lo lọ. Inú ike dúdú kékeré kan, èyí tí o máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, lo kó gbogbo ẹ̀ sí, o ní mi ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni láìṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Pẹ́npẹ́, mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú Màmá ló kó mi láyà sókè. Dókítà ní ojú wọn ń kú lọ, pé bí oṣù mẹ́fà ló kù. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń bi mí pé ìgbà wo làwọn máa rí iṣẹ́ ọmọ àwọn. Ni mo bá sáré. Mo gbé ike náà lọ fáwọn tó ń pín fíìmù sí sinimá. Ọ̀gá wọn ní ó dáa, àwọn kàn máa tún un ṣe díẹ̀. Mo bi í pé ṣé gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn yín balẹ̀, Ìyá." Ó yẹ kí n ta aṣọ funfun yẹn. Ó yẹ kí n ní kó wá jókòó sí pálọ̀ wa pẹ̀lú àwọn tí ojú wọn wà nínú fíìmù. Mi ò ṣe é! Mo ní kò sáyè. Mo buwọ́ lùwé.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ìlà iwájú la jókòó sí. Onídìrí wọ aṣọ tuntun tí mo rán fún un. Káfíńtà mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ojú Màmá ti lọ nígbà yẹn, oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà máa sọ ọ́ fáwọn létí.

Iná kú, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Pẹ́npẹ́, ojú wọn ò sí níbẹ̀! Wọ́n ti yọ obìnrin àfín pátápátá. Ẹ̀yìn káfíńtà nìkan la rí, ó ń jáde nílé kan. Wọ́n ti mú obìnrin mìíràn wá, wọ́n fi tún gbogbo ibi ti onídìrí yà, ẹnu onítọ̀hún ò sì dákẹ́. Màmá fọwọ́ kàn mí lórúnkún, wọ́n ní, "Ta ló wà níbẹ̀ báyìí?" Mo gbẹ́nu sí wọn létí, mo ní onídìrí ni. Wọ́n ní ohùn ta wá nìyẹn? Mo ní ohùn aládùúgbò ni. Bí mo ṣe sọ fíìmù rẹ, èyí tí ìwọ ṣe, láti orí dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, nígbà tí tiwọn ń lọ lójú mi. Màmá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pòṣé sí mi.

Onídìrí ò sunkún. Nígbà tíná tàn, ó yíjú sí mi, ó fìka kan àyà ara rẹ̀, ó wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìwọ lo kọ́ mi lédè ọwọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ọ yé. Ó ní, "Èmi dà?" Láti ọjọ́ náà, tí mo bá yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ògiri ló máa ń kọjú sí.

Mo padà lọ gba ike. Wọ́n ní àwọn ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, pé àwọn ti fi kó nǹkan mìíràn. Mo bú wọn, mo bú bàbá wọn, mo bú táì ọrùn wọn. Kí ni ìyẹn wá tún ṣe?

Màmá ò mọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sán, tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á ní, "Sọ fíìmù àbúrò rẹ fún mi." Màá sì sọ ọ́. Kò sí ibòmíràn tó kù sí láyé yìí àfi ẹnu mi, àwọn tá a jọ wò ó ní pálọ̀ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ibi tí onídìrí ti dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò rántí ohun tó ṣe! Màmá ń retí. Mo ní ó ya á. Màmá ní rárá o, lọ́jọ́sí mo ní inú irun rẹ̀ ló tì í bọ̀. Mo sunkún débi pé ọmọ rẹ sáré jáde ní yàrá.

Àárò rẹ ń sọ wá, Pẹ́npẹ́. Ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ. Màmá fẹ́ràn rẹ. Èmi tí mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, mo fẹ́ràn rẹ, kò sí ọjọ́ tí mi ò wá ọ. Bá mi rántí ẹ̀. Ó ya lẹ́tà yẹn ni, àbí inú irun ló tì í bọ̀?